Àdéhùn Tí Òǹkàwé Kò Kà Bákan Náà: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ sí Orí Kẹtàdínlógún Ìwé Òfin Èdè Java

Àṣamọ̀

Èdè kọ̀ǹpútà tí a mọ̀ sí Java ní ìwé òfin tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èdè ènìyàn ṣe ní gírámà. Orí kẹtàdínlógún ìwé náà ni ó sọ ohun tí ó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ètò kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò lámèyítọ́ sí ẹ̀dà méjì orí náà: èyí tí ó jáde ní ọdún 1996 àti èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2004. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé díẹ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí ó ta kókó jù lọ tí àwọn ènìyàn ń wá kiri nínú ètò wọn ní àkókò náà kò ṣẹ̀yìn àkọsílẹ̀ tí gbogbo wọn gbára lé. Iṣẹ́ yìí tún fi hàn pé ìdánwò nìkan kò tó láti tú irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ fó, àti pé olùkọ́ tí kò bá ní ẹ̀rí mìíràn ju pé ohun tí òun ń kọ́ni ṣiṣẹ́ lójú òun lè fi àṣìṣe kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láìmọ̀.

Ìfáárà

Àgbájọ ọwọ́ ni Yorùbá sọ pé a fi ń sọ̀yà. Òwe yìí bá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mu, nítorí pé ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti rí i pé bí a bá pín iṣẹ́ kan sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ náà lè tètè parí. Irú ìpín bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní thread. Fọ́nrán iṣẹ́ ni a ó máa pè é nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ púpọ̀ nínú àwo kan ṣoṣo gba ìlànà. Bí fọ́nrán iṣẹ́ kan bá ń kọ nǹkan sí ibi tí òmíràn ti ń kà á, ó yẹ kí òfin wà tí yóò sọ ìgbà tí ohun tí èkíní kọ yóò hàn sí èkejì.

Ọdún 1995 ni ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà gbé èdè Java jáde fún gbogbo ayé. Ètò tí a bá fi Java kọ kì í sábà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ tààrà. Ẹ̀rọ kan wà tí a fi ètò ṣe, tí ó ń gbé inú kọ̀ǹpútà gidi; òun ni ó ń ka ètò náà tí ó sì ń mú un ṣẹ. Virtual machine ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́. Ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ ni yóò máa jẹ́ níhìn-ín. Ìlérí tí Sun ṣe ni pé ètò tí a bá kọ lẹ́ẹ̀kan yóò ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà gbogbo. Kí ìlérí náà tó lè ṣẹ, ìwé òfin gbọ́dọ̀ wà tí gbogbo ẹni tí ó bá ń ṣe ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ yóò tẹ̀lé. James Gosling, Bill Joy àti Guy Steele ni wọ́n kọ ìwé náà, ó sì jáde ní ọdún 1996.

Ìgboyà ńlá ni àwọn òǹkọ̀wé mẹ́ta yìí ní tí wọ́n fi ya orí kan sọ́tọ̀ fún fọ́nrán iṣẹ́. Èdè C àti C++, tí wọ́n ti gbajúmọ̀ ṣáájú Java, kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tiwọn títí di ọdún 2011. Nítorí náà, bí àpilẹ̀kọ yìí bá ń tọ́ka sí àbùkù iṣẹ́ wọn, kò ní gbàgbé pé ojú ọ̀nà tí ẹlòmíràn kò tíì là ni wọ́n ń là.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan béèrè ohun tí ó kan lámèyítọ́ nínú ìwé òfin kọ̀ǹpútà. Ìdáhùn kò jìnnà. Ìwé náà jẹ́ àkọsílẹ̀ tí ènìyàn fi èdè ènìyàn kọ, ó sì ní oríṣi òǹkàwé mẹ́ta. Èkíní ni ẹni tí ó ń fi Java kọ ètò, tí ó fẹ́ mọ ohun tí òun lè gbọ́kàn lé. Èkejì ni ẹni tí ó ń ṣe ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ, tí ó fẹ́ mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú tí a gbà á láàyè láti tọ̀ kí ètò lè yára. Ẹ̀kẹta ni olùkọ́ tí ó ń túmọ̀ ìwé náà fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìbéèrè tí lámèyítọ́ máa ń bi àkọsílẹ̀ gbogbo náà ni àpilẹ̀kọ yìí bi orí yìí: ǹjẹ́ ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn ni òǹkàwé gbọ́? Ǹjẹ́ ohun kan náà sì ni gbogbo òǹkàwé gbọ́?

Irú Àṣìṣe Tí Ọ̀rọ̀ Náà Dá Lé

Kí a tó lè mọ ìwúlò òfin, ó yẹ kí a mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin náà wà fún. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí ó wọ́pọ̀. Fọ́nrán iṣẹ́ kan wà tí ó ń yí po lójú kan, tí ó ń wo àmì kan títí àmì náà yóò fi kúrò ní “bẹ́ẹ̀ kọ́” tí yóò di “bẹ́ẹ̀ ni”. Fọ́nrán iṣẹ́ kejì ni yóò yí àmì náà padà. Nígbà tí ètò yìí bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ yóò máa ka ìlà kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa ṣe ohun tí ó wí. Bí ó bá rí i pé ìyípo náà ti pọ̀, yóò ké sí atúmọ̀ ojú-ẹsẹ̀, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ àwọn ìlà náà di èdè kọ̀ǹpútà gidi kí iṣẹ́ lè yára. Atúmọ̀ yìí wo inú ìyípo náà, kò sì rí ohun kan níbẹ̀ tí ó ń yí àmì padà. Ó pinnu pé kíka àmì náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti tó. Láti ìgbà náà lọ, bí fọ́nrán iṣẹ́ kejì tilẹ̀ kọ “bẹ́ẹ̀ ni” ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, ti èkíní ti parí: yóò máa yí po títí láé.

Ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ni pé kí ó fi àṣẹ ìtẹ̀jáde sí inú ìyípo náà, kí ó lè rí ohun tí ó ń lọ. Ó fi println síbẹ̀, ètò náà sì ṣiṣẹ́ dáadáa! Ó yọ ọ́ kúrò, ètò náà tún há. Ìdí ni pé àṣẹ ìtẹ̀jáde náà ní àgádágodo tí ó ń tì tí ó sì ń ṣí nínú, ìyẹn sì sábà máa ń dí atúmọ̀ lọ́wọ́ láti tọ ọ̀nà ẹ̀bùrú tí ó fẹ́ tọ̀. Àtùpà tí a tàn láti fi wá olè ni ó lé olè náà sá. Jim Gray, nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó kọ ní ọdún 1985 lórí ohun tí ń mú kọ̀ǹpútà dẹ́kun iṣẹ́, pe irú àṣìṣe tí ń sá fún ẹni tí ń wá a ní Heisenbug, ó fi orúkọ onímọ̀ físíìsì ará Jámánì nì, Heisenberg, sọ ọ́.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé eré ọmọdé ni. Láàárín ọdún 1985 sí 1987, ẹ̀rọ ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Therac-25 fún ó kéré tán ènìyàn 6 ní ìtànṣán tí ó pọ̀ ju bí ó ṣe yẹ lọ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn kan nínú wọn sì kú. Lóòótọ́, Therac-25 kò lo Java, kò sì ní ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ìdílé kan náà ni àṣìṣe tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìlú Tyler, ní Texas, ní ọdún 1986 ti wá: iṣẹ́ méjì ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, èkíní kò sì mọ̀ pé èkejì ti yí nǹkan padà. Bí òṣìṣẹ́ tí ń tẹ̀ ẹ̀rọ náà bá ṣe àtúnṣe sí ohun tí ó tẹ̀ kí ìṣẹ́jú àáyá 8 tó pé, ẹ̀rọ kò ní mọ̀ nípa àtúnṣe náà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá kò lè rí àṣìṣe náà láéláé. Ìgbà tí iṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ tán ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ yọ.

Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ tí Edsger Dijkstra sọ ní ọdún 1972 wúwo: ìdánwò lè fi hàn pé àṣìṣe wà, ṣùgbọ́n kò lè fi hàn láé pé kò sí. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ìdánwò kò bá tó, kí ni ó kù tí ẹni tí ó ń kọ ètò lè di mú? Àdéhùn nìkan ni: ohun tí ìwé òfin sọ pé ó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀rọ gbogbo, ní ọjọ́ gbogbo.

Ẹ̀dà Ọdún 1996: Ìtàn Dípò Àdéhùn

Àwòrán tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ yà sí òǹkàwé lọ́kàn jọ ètò àjọ dídá. Alájọ ní ìwé ńlá kan, ẹni kọ̀ọ̀kan tí ó ń dájọ sì ní káàdì tirẹ̀. Ohun tí ó wà nínú káàdì àti ohun tí ó wà nínú ìwé ńlá yẹ kí ó dọ́gba, ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nìkan ni a tó lè mọ̀. Bákan náà ni ìwé òfin náà sọ pé ibi ìpamọ́ gbogbogbòò kan wà, àti pé fọ́nrán iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ibi ìpamọ́ àdáni tirẹ̀. Ó wá to ìṣe mẹ́jọ kalẹ̀ tí ó ń gbé nǹkan káàkiri láàárín wọn: lílò, fífi fún, kíkà, gbígbà wọlé, kíkó jáde, kíkọ, títì àti ṣíṣí. Ó sì ka òfin ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: èyí kò gbọdọ̀ ṣáájú tọ̀hún, tọ̀hún kò gbọdọ̀ wáyé bí èyí kò bá tíì wáyé.

Àbùkù àkọ́kọ́ tí lámèyítọ́ lè tọ́ka sí ni irú ohùn tí àkọsílẹ̀ náà fi sọ̀rọ̀. Ìtàn bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ó ń sọ. Kò sọ ohun tí òǹkàwé lè gbára lé. Ẹni tí ó ń kọ ètò kò béèrè bí káàdì ṣe ń dé ọ̀dọ̀ alájọ. Ohun tí ó ń béèrè ni pé, “Bí mo bá kọ nǹkan síhìn-ín, ṣé ẹnì kejì yóò rí i?” Kí ó tó rí ìdáhùn sí ìbéèrè kan ṣoṣo yìí, yóò ní láti fi ìṣe mẹ́jọ gbá ara wọn mú lọ́kàn rẹ̀ bí ẹni tí ń ta ayò. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni kò lè ṣe é. Wọ́n fi ojú inú ara wọn dáhùn, ìdáhùn wọn kò sì bára mu.

Àbùkù kejì ni pé ìwé náà le níbi tí ó yẹ kí ó rọ̀. William Pugh, ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Maryland, gbé àpilẹ̀kọ kan kalẹ̀ ní ọdún 1999 nínú èyí tí ó fi hàn pé bí a bá tẹ̀lé àwọn òfin náà débi tí wọ́n já sí, wọ́n ka àwọn ọ̀nà ẹ̀bùrú kan léèwọ̀ tí gbogbo atúmọ̀ ètò máa ń tọ̀, irú bí kí a má tún ka ohun tí a ti kà tẹ́lẹ̀. Ìwé náà kò kọ èèwọ̀ yìí sílẹ̀ gbangba. Inú àpapọ̀ àwọn òfin ni ó fara pamọ́ sí. Nítorí náà, àwọn ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ kan tí àwọn ènìyàn ń lò nígbà náà ti ń rú òfin náà, kì í ṣe nítorí oríkunkun, bí kò ṣe nítorí pé àwọn tí ó ṣe wọ́n kò mọ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà.

Àbùkù kẹta ni pé ìwé náà rọ̀ níbi tí ó yẹ kí ó le. Nínú Java, ọ̀rọ̀ tí a bá ti kọ ni a gbà pé kò lè yí padà mọ́. Ní àkókò náà, ohun mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ kan ní: àwọn lẹ́tà rẹ̀, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, àti gígùn rẹ̀. Bí a bá gé “ìwé” jáde láti inú “ilé-ìwé”, ọ̀rọ̀ tuntun náà yóò máa lo àwọn lẹ́tà ti àtijọ́. Yóò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ipò 4 ni òun ti bẹ̀rẹ̀, àti pé gígùn òun jẹ́ 3. Ṣùgbọ́n kí a tó kọ 4 sí ibi ìbẹ̀rẹ̀, òdo ni ó wà níbẹ̀. Òfin ọdún 1996 kò dènà kí fọ́nrán iṣẹ́ mìíràn rí òdo náà. Ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kí ó ka ọ̀rọ̀ náà ní “ilé” lákọ̀ọ́kọ́, kí ó sì tún un kà ní “ìwé” láìpẹ́, nígbà tí kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Ewu èyí hàn nígbà tí a bá rántí pé ọ̀rọ̀ ni a fi ń dárúkọ fáìlì. Aṣọ́nà lè yẹ orúkọ kan wò kí ó ní kí ó kọjá, kí ó sì jẹ́ pé orúkọ mìíràn ni yóò ṣílẹ̀kùn.

Àbùkù kẹrin kan ọ̀rọ̀ kan tí ìwé náà fún òǹkàwé gẹ́gẹ́ bí irinṣẹ́, ìyẹn volatile. Ohun tí a bá fi ọ̀rọ̀ yìí sàmì sí ni ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ fi pamọ́ sí ibi ìpamọ́ àdáni. Èyí dára, ó sì wo àrùn ìyípo tí a mẹ́nu bà lókè sàn. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò so ohun tí a sàmì sí pọ̀ mọ́ àwọn tí a kò sàmì sí. Ẹnì kan lè kó ẹrù sínú yàrá, kí ó wá ta àsíá pé ẹrù ti pé. Ẹlòmíràn yóò rí àsíá, yóò wọlé, kò sì ní bá ẹrù. Àsíá tí kò jẹ́rìí sí ẹrù kò wúlò fún ẹni tí ó ń wò ó.

Ọgbọ́n Àyẹ̀wò-Ẹ̀ẹ̀mejì: Nígbà Tí Àṣìṣe Di Ẹ̀kọ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n ni ìtàn ọgbọ́n kan tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní double-checked locking. Ká ní ohun kan wà tí gbogbo fọ́nrán iṣẹ́ yóò lò, tí a kò fẹ́ kọ́ àfi bí a bá nílò rẹ̀, tí a kò sì fẹ́ kọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọ̀nà tí ó dájú ni pé kí fọ́nrán iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti àgádágodo kí ó tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n títì àti ṣíṣí náà máa ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ Java. Ni àwọn ọlọ́gbọ́n bá ní kí a kọ́kọ́ wo bóyá ohun náà ti wà, láìti àgádágodo. Bí ó bá ti wà, kí a lò ó. Bí kò bá sí, kí a ti àgádágodo, kí a tún un wò lẹ́ẹ̀kejì, kí a sì kọ́ ọ bí kò bá tíì sí síbẹ̀. Douglas Schmidt àti Tim Harrison ni wọ́n ṣàlàyé ìlànà yìí nínú àpilẹ̀kọ wọn ní àárín àwọn ọdún 1990 fún àwọn tí ń fi C++ kọ ètò. Kò pẹ́ tí ó fi wọ inú ìwé àti ìwé ìròyìn tí ń kọ́ni ní Java, tí wọ́n sì ń gbé e lárugẹ gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n àgbà.

Níbo ni àṣìṣe wà níbẹ̀? Iṣẹ́ méjì ni ó wà nínú kíkọ́ ohun tuntun: kíkọ́ ilé náà, àti kíkọ àdírẹ́sì rẹ̀ síbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i. Lójú fọ́nrán iṣẹ́ tí ó ń kọ́lé, èyíkéyìí nínú méjèèjì lè ṣáájú, nítorí pé òun kò ní wọlé kí méjèèjì tó parí. Nítorí náà ni atúmọ̀ fi lè kọ àdírẹ́sì ṣáájú kí ilé tó ní òrùlé. Fọ́nrán iṣẹ́ mìíràn dé, ó rí àdírẹ́sì, kò sì ní ìdí láti fọwọ́ kan àgádágodo. Ó wọ inú ilé tí kò ní òrùlé lọ. Èyí kì í ṣe àbá lásán. Nígbà tí wọ́n tú iṣẹ́ atúmọ̀ ojú-ẹsẹ̀ ti ilé-iṣẹ́ Symantec wò ní ìlà dé ìlà èdè kọ̀ǹpútà, wọ́n bá a pé bí ó ti ń ṣe gan-an nìyẹn: ó ń kọ àdírẹ́sì kí ó tó kún inú ilé. Bí atúmọ̀ tilẹ̀ tọ́ ìlà náà bí ó ti yẹ, ẹ̀rọ Alpha lè jẹ́ kí òǹkàwé rí àdírẹ́sì tuntun, kí ó sì bá ohun àtijọ́ nínú ilé.

Nígbà tí ó yá, àwọn onímọ̀ bíi William Pugh, Joshua Bloch, Doug Lea àti Cliff Click fi ọwọ́ sí ìkéde kan tí ó sọ gbangba pé ọgbọ́n náà ti fọ́. Ohun tí ó yẹ kí ó dun olùkọ́ níhìn-ín ni pé àwọn tí ó fi kọ́ni kì í ṣe òpùrọ́, wọn kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n dán an wò. Ó ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi dán an wò sábà máa ń jẹ́ irú èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ da ìtẹ̀léra iṣẹ́ rú, atúmọ̀ wọn kò sì tíì gbọ́n tó láti tọ ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹ̀rí tí wọ́n ní kò ju ti ẹni tí ó la odò kọjá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó wá ń sọ fún ọmọdé pé odò náà kò jìn.

Ẹ̀dà Ọdún 2004: Àdéhùn Bẹ̀rẹ̀

Iṣẹ́ àtúnṣe tí a mọ̀ sí JSR-133 ni ó bí ẹ̀dà tuntun, èyí tí ó bá Java 5 jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2004. Jeremy Manson, William Pugh àti Sarita Adve ṣàlàyé rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2005. Ìyípadà tí ó ga jù lọ nínú rẹ̀ jẹ́ ìyípadà ohùn. Ìtàn ibi ìpamọ́ àti ìṣe mẹ́jọ ti lọ. Ìbátan kan ṣoṣo ni ó gba ipò wọn, ìyẹn “ó ṣáájú”, èyí tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ Leslie Lamport ti ọdún 1978. Ìwé náà sọ pé ṣíṣí àgádágodo ṣáájú títì tí ó bá tẹ̀lé e. Kíkọ ohun tí a fi volatile sàmì sí ṣáájú kíkà tí ó bá tẹ̀lé e. Bíbẹ̀rẹ̀ fọ́nrán iṣẹ́ ṣáájú gbogbo ohun tí fọ́nrán náà yóò ṣe. Ohun gbogbo tí fọ́nrán iṣẹ́ kan ṣe ṣáájú kí ẹni tí ó dúró dè é tó kúrò lójú kan. Bí ìṣe kan bá sì ṣáájú òmíràn, ohun tí a ṣe nínú èkíní gbọ́dọ̀ hàn sí èkejì.

Lórí èyí ni ìwé náà wá ṣe ìlérí rẹ̀. Bí kò bá sí ibì kan nínú ètò rẹ tí ẹni méjì ti ń du ohun kan náà láìsí “ó ṣáájú” láàárín wọn, ètò náà yóò rí bí ẹni pé gbogbo iṣẹ́ tò lẹ́yìn ara wọn lórí ìlà kan ṣoṣo. Ìlérí yìí ni ohun tí òǹkàwé ti ń béèrè láti ọdún 1996. Ó rọrùn láti rántí, ó ṣeé fi kọ́ni, ó sì fi ẹrù lé ẹni tí ó yẹ kí ó rù ú. Àsíá volatile ti di ẹlẹ́rìí sí ẹrù. Ọ̀rọ̀ “ìwé” kò lè di “ilé” mọ́ lójú ẹnikẹ́ni, nítorí pé ohun tí a bá fi final sàmì sí ní ààbò tirẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí ń kọ́lé kò bá ti fi àdírẹ́sì síta kí ilé tó parí. Ọgbọ́n àyẹ̀wò-ẹ̀ẹ̀mejì pàápàá di ohun tí ó tọ́, bí a bá fi volatile sàmì sí àdírẹ́sì náà.

Síbẹ̀, ìyìn yìí ní ààlà. Kí ni ìwé náà sọ fún ẹni tí ètò rẹ̀ ní ìdíje nínú? Èdè C++, nígbà tí ó ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2011, sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ohunkóhun lè ṣẹlẹ̀. Java kò lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó ti ṣèlérí láti dáàbò bo ẹ̀rọ lọ́wọ́ ètò tí a kò mọ ibi tí ó ti wá. Nítorí náà ni ẹ̀dà ọdún 2004 fi fi apá kan kún un tí ó ń gbìyànjú láti dènà kí ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ má baà ti ojú òfúrufú jábọ́. Apá yìí ni ó ṣókùnkùn jù lọ nínú orí náà. Àní ní ọdún 2008, Jaroslav Ševčík àti David Aspinall fi hàn pé ó ka àwọn ọ̀nà ẹ̀bùrú kan léèwọ̀ tí àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ rò pé àwọn ti gbà láàyè. Àṣìṣe ọdún 1996 tún yọjú: òfin tí ó fara pamọ́ sínú àpapọ̀ àwọn òfin. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá dá ìdíje sílẹ̀ nínú ètò rẹ̀ kò ní dé ibi òkùnkùn náà. Nígbà tí Java 9 sì mú irinṣẹ́ VarHandle wá ní ọdún 2017, inú àlàyé irinṣẹ́ náà ni wọ́n kọ òfin rẹ̀ sí. Òǹkàwé tí ó bá fẹ́ mọ gbogbo àdéhùn lónìí gbọ́dọ̀ ka ju orí kan lọ.

Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí kíláàsì wa. Ọ̀pọ̀ fóònù Android tí ó wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń lo ẹ̀rọ irú ti ARM, èyí tí ó ní òmìnira láti to iṣẹ́ bí ó bá ṣe wù ú ju èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ ètò lórí kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́, kí ó dán an wò ní ìgbà ẹgbẹ̀rún, kí ó má rí àṣìṣe kankan, kí ó sì fọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lórí fóònù.

Ó yẹ kí olùkọ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti béèrè ìbéèrè méjì kí ó tó fọwọ́ kan ètò tí ó há. Èkíní, kí ni àwọn fọ́nrán iṣẹ́ wọ̀nyí jọ ń lò? Èkejì, òfin wo ni ó mú kí kíkọ ti ọ̀kan ṣáájú kíkà ti èkejì? Bí kò bá rí òfin tí yóò dárúkọ, ó ti rí àṣìṣe náà nìyẹn, bí ètò náà tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni irinṣẹ́ tó wúlò. jstack yóò sọ ibi tí fọ́nrán iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dúró sí àti àgádágodo tí ó dì mú. jcstress, tí ó wà lára iṣẹ́ OpenJDK, yóò mú fọ́nrán iṣẹ́ kọ lu ara wọn léraléra, yóò sì ka irú àbájáde tí ó wáyé. Ṣùgbọ́n jcstress pàápàá wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ Dijkstra: bí kò bá rí àṣìṣe, kò sọ pé kò sí.

Bákan náà, ó yẹ kí olùkọ́ máa wo ọdún tí a tẹ ìwé tí ó fi ń kọ́ni. Ìwé tí ó ṣàlàyé fọ́nrán iṣẹ́ Java ṣáájú ọdún 2004 ń ṣàlàyé àdéhùn tí kò sí mọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti yẹ ẹ̀dà méjì orí kẹtàdínlógún ìwé òfin Java wò. Ó fi hàn pé ẹ̀dà ọdún 1996 kùnà nítorí pé ó sọ ìtàn ẹ̀rọ fún òǹkàwé tí ó ń béèrè ìlérí, àti pé òǹkàwé kọ̀ọ̀kan wá ṣe ìlérí fún ara rẹ̀. Ẹ̀dà ọdún 2004 ṣàṣeyọrí níbi tí ó ti bá ẹni tí ń kọ ètò sọ̀rọ̀ tààrà, ó sì tún kọsẹ̀ níbi tí ó ti padà sí òfin tí ó fara sin. Láàárín ẹ̀dà méjèèjì ni àwọn ọdún tí àwọn olóòótọ́ ènìyàn fi àṣìṣe kọ́ni, nítorí pé ó ṣiṣẹ́ lójú wọn.

Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìdánwò tí ó yọrí sí rere lè mú kí ògiri dán, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tí a fi mọ ọ́. Olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá lè tọ́ka sí òfin tí ètò rẹ̀ dúró lé ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò bá ní ìdáhùn ju pé “ó ń ṣiṣẹ́” ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe.